Kámẹ́rà ní krẹ́ẹ̀ṣì: ṣé kí òbí máa wò ó lórí fóònù?

Ìyá tó já ọmọ ọdún kan sílẹ̀ ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, láago méje ààbọ̀, tó sì gba Ọjà Ọba lọ, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó fojú kan ọmọ rẹ̀. Abájọ tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kì í fi í tán nípàdé òbí. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ́n máa ń lọ́ pọ̀ níbẹ̀: kámẹ́rà tó ń ká ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, àti èyí tí òbí lè ṣí lórí fóònù nígbà tó bá wù ú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni krẹ́ẹ̀ṣì, ti àkọ́kọ́, ẹ ṣe é. Ti ìkejì, ẹ farabalẹ̀ ná.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ka iye ọmọ àti iye àǹtí. Bó bá jẹ́ àǹtí kan ló ń tọ́jú ìkókó mẹ́jọ, àǹtí kejì ni kẹ́ ẹ fowó náà gbà. Kámẹ́rà á rí ọmọ tí nǹkan há lọ́fun. Kò lè gbá a lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣírò dátà. Àwòrán kékeré tó ń lọ sórí fóònù lè jẹ nǹkan bí 500 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí òbí 20 bá ṣí i pọ̀, 10 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni íntánẹ́ẹ̀tì krẹ́ẹ̀ṣì gbọ́dọ̀ máa tì jáde. Jáde o, kì í ṣe wọlé. Iye tí wọ́n fi ń polówó ni ti wọlé. Ti jáde sábà máa ń kéré sí i, pàápàá lórí ráútà onísíìmù. Ẹ wọn ti jáde yìí, tí wọ́n ń pè ní upload, láago mẹ́wàá àti láago méjì fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí tó kéré jù ni kẹ́ ẹ gbára lé. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń gba àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pín in fún òbí, ìyẹn sì ń dín ẹrù kù, àmọ́ àwòrán àwọn ọmọ ti dé ọwọ́ ẹlòmíì nìyẹn. Òbí tó bá wò ó fún wákàtí kan á sun 225 megabyte.

Kíká sílẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo 2 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́: gigabyte 36 ni. Hard disk 1 terabyte á gba ọjọ́ 27. Àwọn kámẹ́rà yìí, rẹkọ́dà tó ń ká àwòrán wọn sílẹ̀, àti ráútà kì í ju nǹkan bí 50 watt lọ, nítorí náà bátìrì 12-volt, 100Ah kan, bẹ́ ẹ bá lo ìdajì agbára rẹ̀ péré kó má bàa tètè bàjẹ́, á gbé e fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá tí Nẹ́pà bá mú iná lọ.

Ohun tó sábà ń da èèyàn láàmú ni aago. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹkọ́dà, ó dà bí kọ́ìnì; bó bá kú, ìgbàkígbà tí iná bá lọ pátápátá ni ọjọ́ á padà sẹ́yìn. Ọmọ á délé pẹ̀lú àpá eyín lápá, wọ́n á wá aago mọ́kànlá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, January ọdún tí wọn ò tíì bí i ni wọ́n á bá níbẹ̀.

Ẹ fi kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ 2.8mm, irú èyí tó ń rí ibi tó fẹ̀, sí igun méjì tó dojú kọra, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án sókè. Kó má dojú kọ fèrèsé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ á dúdú bí èédú. Ẹ pa ohùn kámẹ́rà náà, kó má máa ká ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ilé ìtọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ pámpásì ò gbọdọ̀ ní kámẹ́rà rárá. Ìdajì ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè rí àǹtí láti àyà sókè.

Kí ló dé tá ò fi fẹ́ràn ti orí fóònù? Kámẹ́rà ò mọ ọmọ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ. Bàbá kan tó fẹ́ wo ọmọ rẹ̀, ọmọ mẹ́sàn-án mìíràn ló ń wò pẹ̀lú, ó sì lè ká ọmọ tó ń géni jẹ kó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kílẹ̀ tó ṣú. Lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023, àwòrán ọmọ jẹ́ dátà tirẹ̀, òbí ló sì ń fọwọ́ sí i fún un. Bí òbí kan bá kọ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọmọ tirẹ̀ nìkan kúrò nínú àwòrán.

Bẹ́ ẹ bá sì ṣe é náà, yàrá ìṣeré nìkan ni kẹ́ ẹ fi hàn, ìdajì wákàtí láàárọ̀, ìdajì wákàtí lọ́sàn-án. Kí òbí kọ̀ọ̀kan ní password tirẹ̀. Ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní krẹ́ẹ̀ṣì pátápátá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti tirẹ̀ pa. Fóònù ọ́fíìsì ni kí wọ́n máa pè. Bí ọmọ bá ń sunkún tí òbí pe àǹtí, àwọn ọmọ tó kù ni àǹtí máa kẹ̀yìn sí láti gbé fóònù.

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n sọ fún pé kámẹ́rà wà, ẹ ní kí wọ́n fi aago 10:15 àná hàn yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú kẹwàá, ojú ọmọ yín nìkan kọ́, ẹ wo aago tó wà lórí àwòrán náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá wá a ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, àti ọjọ́ tó máa ń wà ní krẹ́ẹ̀ṣì.