Àyíká ìdánwò tí a pa tí kò kú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń fi àyíká kan ṣoṣo (ètò kan pẹ̀lú gbogbo ohun tó nílò, tí a gbé dìde fún ìdánwò) dán iṣẹ́ wọn wò, ọjọ́ tí ẹnì kan bá bà á jẹ́ ni gbogbo wọn máa káwọ́ gbera. Ìyẹn ló bí àyíká onígbà-díẹ̀: ẹnì kan ṣí pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n da kóòdù òun pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́), ẹ̀rọ gbé àyíká tuntun dìde fún un nínú cluster (àkójọ sáfà) tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń lò, iṣẹ́ parí, ẹ̀rọ wó o. Gbígbé e dìde kì í yọni lẹ́nu púpọ̀. Wíwó o ni wàhálà, àti àwọn nǹkan tí àwọn àyíká yìí jọ ń lò tí ẹnikẹ́ni ò fura sí. Kubernetes, ètò tó ń darí container (àpò tí ètò kan ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) lórí cluster, ni mo fi dáhùn, nítorí orí rẹ̀ ni mo ti jìyà jù.

Ìbéèrè: Láti àná ni mo ti pa namespace kan (yàrá tí a pín fún àyíká kan nínú cluster) rẹ́, Terminating ("ó ń kú lọ") ló ṣì ń kọ. Mo tún un pa, kò yí padà. Kí ló ń dúró dè?

Ìdáhùn: Ẹ má tún un pa mọ́. Kubernetes ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹlòmíì ló ń dúró dè. Ohun tó wà nínú namespace lè ní àmì kan lára tí wọ́n ń pè ní finalizer. Ohun tí àmì náà ń sọ ni pé, "Ẹ má tíì pa mí rẹ́, lágbájá ṣì ní iṣẹ́ kan láti ṣe." Controller, ètò kan tó ń ṣọ́ nǹkan nínú cluster, ni lágbájá yìí, òun ló sì gbọ́dọ̀ yọ àmì náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà ń dojú rú ni pé inú àyíká tí ẹ pa gan-an ni controller náà ń gbé. Ó kú ṣáájú ẹni tó yẹ kó sin.

Ohun kejì tó lè fà á kò sí nínú namespace yín rárá. Kí Kubernetes tó wó namespace, ó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo irú nǹkan tó lè wà níbẹ̀, títí kan àwọn tí ẹlòmíì fi kún API rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí àwọn ètò ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn àfikún yìí kò bá dáhùn, ìwádìí náà ò ní parí, gbogbo namespace tí wọ́n bá pa nínú cluster náà á sì há. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín:

    kubectl get namespace pr-412 -o yaml
    kubectl get apiservice

Nínú èsì àkọ́kọ́, lábẹ́ conditions, bí NamespaceDeletionDiscoveryFailure bá kọ True, API kan ló kú. Àṣẹ kejì á fi èyí tó kọ False hàn yín. Bó bá jẹ́ NamespaceFinalizersRemaining, á dárúkọ finalizer tó kù.

Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ kàn sọ finalizers namespace náà di òfo, á lọ. Á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Díísìkì tàbí load balancer (ohun tó ń pín ìbéèrè tó ń wọlé) tí àmì yẹn ń ṣọ́ á wà lórí cloud níbẹ̀, owó rẹ̀ á máa gùn, kò sì sí ẹni tó máa rántí rẹ̀ mọ́. Ẹ dá controller padà kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ fojú ara yín rí i pé ohun tó ń ṣọ́ ti lọ, kí ẹ tó yọ àmì náà lára ohun kan ṣoṣo yẹn, kì í ṣe lára namespace.

Ìbéèrè: Àyíká gbogbo èèyàn dìde, tèmi nìkan ni kò dìde. Branch mi (ẹ̀ka kóòdù tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) ń jẹ́ feature/Login_Tuntun.

Ìdáhùn: Orúkọ yẹn ló ń ṣe yín. Orúkọ namespace kò gba lẹ́tà ńlá, kò gba slash, kò gba underscore. Lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti dáàṣì nìkan ló gbà, gígùn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 63 lọ. Àwọn kan máa ń gé orúkọ tó bá gùn jù, títí di ọjọ́ tí branch méjì tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra bá bọ́ sínú àyíká kan náà, tí ẹni méjì wá ń pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́ láìmọ̀. Nọ́ńbà pull request ni kí ẹ lò. pr-412 kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìbéèrè: Deployment (àṣẹ pé kí Kubernetes gbé ètò wa dìde) wọlé láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò sí pod (ibi tí container ń ṣiṣẹ́) kankan. Kò tilẹ̀ sí èyí tó kọ Pending ("ó ń dúró").

Ìdáhùn: ResourceQuota ni. Ẹni tó ń tọ́jú cluster ti fi ààlà sí CPU àti mẹ́mọ́rì tí namespace yín lè lò, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti ń dá pod padà, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i. Ẹ lo kubectl describe rs (rs ni ReplicaSet, ohun tí Deployment fi ń dá pod). Ẹ máa bá "exceeded quota" tàbí "must specify" níbẹ̀. Èkejì túmọ̀ sí pé pod yín ò sọ iye tó fẹ́. Bí ẹ bá fi LimitRange kan sínú namespace, á máa bá wọn sọ ọ́.

Ìbéèrè: Láàárọ̀ gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Lọ́sàn-án, gbogbo àyíká tuntun ń kọ ImagePullBackOff, "toomanyrequests" ló sì wà nínú events. A ò yí nǹkan kan padà.

Ìdáhùn: Ẹ ò yí nǹkan kan padà lóòótọ́, pípọ̀ lẹ pọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni Docker Hub, ibi ìkópamọ́ image lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti fi ààlà sí iye image (ẹ̀dà ètò tí container ń ti inú rẹ̀ dìde) tí ẹni tí kò forúkọ wọlé lè fà: 100 láàárín wákàtí mẹ́fà, fún àdírẹ́sì IP kan. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo cluster yín máa gba àdírẹ́sì kan ṣoṣo jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú Docker Hub, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo yín. Bí àyíká kan bá ní image mẹ́jọ, tí node (ẹ̀rọ kan nínú cluster) tó gbà á sì jẹ́ tuntun, ẹ̀kẹtàlá irú rẹ̀ lẹ máa fi kọjá ààlà. Ẹ gbé registry (ibi ìkó image sí) kan sáàárín tó máa fa image lẹ́ẹ̀kan, tó sì máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn yòókù. Fíforúkọ wọlé náà ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ó kàn ń sún ọjọ́ ìyà síwájú ni.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ kejì wó àyíká tiwọn, tiwa náà kú. Ṣebí namespace ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la wà?

Ìdáhùn: Ògiri ni namespace, ṣùgbọ́n kò kan òrùlé. CRD (irú nǹkan tuntun tí ẹnì kan fi kún Kubernetes), ClusterRole (àṣẹ ìlò), StorageClass (irú díísìkì) àti webhook (ètò tó ń yẹ ìbéèrè wò) jẹ́ ti cluster lápapọ̀. Bí chart (àkójọ fáìlì tí a fi ń gbé ètò dìde) tiyín àti tiwọn bá jọ gbára lé CRD kan, tí wọ́n sì pa CRD náà rẹ́ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni fi CRD yẹn dá, nínú namespace yòówù, ló máa bá a lọ. Kubernetes ò ní béèrè ẹni tó ni ín.

Kí olùtọ́jú cluster nìkan máa gbé CRD wọlé. Kí ẹ̀rọ tó ń gbé àyíká dìde má sì ní àṣẹ lórí ohun tó jẹ́ ti cluster lápapọ̀. Bó bá jẹ́ CRD fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ dán wò, namespace ò tó yín: ẹ lo vcluster (cluster inú cluster), tàbí kí ẹ fi kind gbé cluster kékeré kan dìde nínú CI (ẹ̀rọ tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀).

Ìbéèrè: Ìdánwò wa ń yege lẹ́ẹ̀kan, ó ń kùnà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti fẹ́ kùnà, PostgreSQL, dátábéèsì wa, á ní "sorry, too many clients already". Sáfà dátábéèsì kan ni gbogbo àyíká jọ ń lò.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, 100 ni max_connections (iye ìsopọ̀ tó gbà lẹ́ẹ̀kan), mẹ́ta nínú rẹ̀ sì wà nípamọ́ fún superuser (alákòóso). Ó ku 97. Bí ètò yín bá ń ṣí ìsopọ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà nínú àyíká kọ̀ọ̀kan, àyíká mẹ́sàn-án á rí tiwọn gbà, ìkẹwàá á máa rí i, á máa pàdánù rẹ̀. Ẹni tó bá kàn gbé 100 di 1000 ń wá wàhálà mìíràn, nítorí process kan ni PostgreSQL ń dá fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́mọ́rì lòun náà sì ń jẹ. Méjì tàbí mẹ́ta tó fún àyíká ìdánwò; bí wọ́n bá pọ̀ gan-an, ẹ fi PgBouncer (ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò) síwájú sáfà náà.

Èmi ì bá ní kí àyíká kọ̀ọ̀kan ní dátábéèsì tirẹ̀ tó máa bá a kú. Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni àkókò tó ń gbà láti kó dátà sínú rẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ ṣe dátábéèsì kan tó ní gbogbo tábìlì àti dátà ìdánwò, kí ẹ pè é ní irugbin, kí ẹ wá máa dà á kọ:

    CREATE DATABASE pr_412 TEMPLATE irugbin;

Ó yá ju kí ẹ máa sáré gba inú gbogbo migration (àwọn àṣẹ tó ń tún tábìlì tò) lọ. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá sopọ̀ mọ́ irugbin lásìkò náà, PostgreSQL á kọ̀, á ní "is being accessed by other users". Kí ètò kankan má ṣe mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ má sì kó dátà àwọn oníbàárà gidi sí i. Àyíká tí wọ́n fẹ́ wó lọ́la kì í ní ẹ̀ṣọ́, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì sábà máa ń ṣí sílẹ̀.

Ìbéèrè: Lórí kọ̀ǹpútà mi, ìdánwò yìí kì í kùnà. Lórí cluster, ó ń kùnà lọ́sàn-án, ó ń yege lóru.

Ìdáhùn: Ọ̀sán ni àwọn aládùúgbò yín ń ṣiṣẹ́. Bí CPU tí ẹ béèrè bá kéré sí èyí tí ẹ ń lò, àjẹkù node lẹ ń jẹ, bí ẹni tó ni ín bá dé, á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ wo limit náà, iye CPU tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá: 500m túmọ̀ sí ìdajì CPU kan, Linux sì ń pín in wẹ́wẹ́, 50 nínú mílísẹ́kọ́ńdì 100 kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti lo 50 yẹn tán, ẹ dúró. Ìdánwò tó ní "sun fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí o wá wò ó" ò lè là á já. Ẹ dúró de ohun tí ẹ ń retí, ẹ má dúró de aago. Bó bá jẹ́ 137 ni container fi jáde, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn: wọ́n fipá pa á ni, mẹ́mọ́rì ló sì sábà ń fà á.

Ìbéèrè: A ń wó gbogbo àyíká tí a bá ti lò tán, síbẹ̀ bíìlì cloud ń ga lóṣooṣù. Mo wo inú cluster, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìdáhùn: Cluster kọ́ ló yẹ kí ẹ bi. Ẹni tó ń gbowó ni kí ẹ bi. Ẹ wọ àkáǹtì cloud yín, kí ẹ wá díísìkì tí kò so mọ́ ẹ̀rọ kankan, load balancer tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, àti àdírẹ́sì IP tí ẹ gbà sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò. Bí PersistentVolume (ohun tó dúró fún díísìkì nínú cluster) bá kọ Retain ("ẹ pa á mọ́"), namespace á lọ, díísìkì á dúró. Ẹni tó bá sì wó odindi cluster láìkọ́kọ́ pa Service (ọ̀nà àbáwọlé ètò) inú rẹ̀ rẹ́ ti pa ẹni tí ì bá sọ fún cloud pé kó gba load balancer rẹ̀ padà.

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ fi iṣẹ́ wíwó sí ìparí pipeline (àwọn iṣẹ́ tí CI ń ṣe tẹ̀lé ara wọn). Ẹnì kan fagi lé job náà lágbedeméjì, tàbí runner (ẹ̀rọ tó ń ṣe job náà) kú, iṣẹ́ wíwó ò sì wáyé. Kíkọ "always" síwájú rẹ̀, pé kó ṣe é láìka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, kò wúlò fún runner tó ti kú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó gbé àyíká dìde pé kó wó o. Ẹ ní agbálẹ̀: ètò kékeré kan níbòmíràn, tí àṣẹ rẹ̀ dá dúró, tó ń jí ní wákàtí wákàtí, tó ń pa ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, àti ohun tí kò ní ọjọ́ rárá. Nígbà tí ẹ bá ń dá nǹkan ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ sí i lára, nínú cluster àti lórí cloud. Label Kubernetes (àmì kúkúrú tí a ń lẹ̀ mọ́ nǹkan) kì í gba kólóònù, nítorí náà aago bíi 10:00:00 ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ fi sí annotation, àkọsílẹ̀ mìíràn tó gbà á. Ẹ má sì ronú pé ttlSecondsAfterFinished á ṣe é fún yín. Job ti Kubernetes (iṣẹ́ tó ń ṣe tán) nìkan nìyẹn ń pa, kì í ṣe job ti CI. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí agbálẹ̀ kàn máa dárúkọ ohun tí ì bá pa, kó má tíì pa á.

Wọ́n á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ má pa tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún un fúnra wọn, lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ṣì ń lò ó. Bọ́tìnì "má pa á láé" ni ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe, torí láàárín oṣù mélòó kan, àyíká tó bá ti gbà á ni gbogbo èèyàn á tún jọ máa jà lé lórí.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìdánwò ló nílò odindi àyíká?

Ìdáhùn: Rárá o. Bó bá jẹ́ dátábéèsì kan àti queue (ìlà tí iṣẹ́ ti ń dúró) kan ni ìdánwò yín ń fẹ́, ẹ lo Testcontainers lórí kọ̀ǹpútà yín tàbí nínú CI. Á gbé container wọn dìde, bí ìdánwò bá sì kú lójijì, container kan tó ń jẹ́ Ryuk, tó ń ṣọ́ ìsopọ̀ rẹ̀, á rí i pé ó ti já, á sì kó àwọn yòókù kúrò nílẹ̀.