Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe dáńfó: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní èbúté Èkó

Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó láàárọ̀ Mọ́ńdè mọ ohun tí ojú ń rí láti Máìlì 12 títí dé orí Third Mainland Bridge. Kò yani lẹ́nu pé èèyàn púpọ̀ ti ń yà sí èbúté Ìpakodò báyìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwà ibùdókọ̀ dáńfó ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀: wọ́n á fò wọlé, wọ́n á fún ara wọn mọ́ra, wọ́n á máa pariwo pé kí atukọ̀ tètè gbéra. Dáńfó tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, a máa sọ̀kalẹ̀ ni. Láàárín ọ̀sà, ibo lẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí?

Èyí tó burú jù ni ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Òfin ni pé kí gbogbo èrò wọ̀ ọ́, LASWA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ọ̀nà omi, kò sì yéé sọ ọ́. Èrò máa ń gbà á lóòótọ́. Àmọ́ àwọn kan á gbé e lé itan, àwọn kan á fi kọ́ èjìká láìdè é, torí pé ó ń rùn, tàbí kó má baà rún aṣọ wọn. Jákẹ́ẹ̀tì tí a kò dè, bí èèyàn bá já sómi, òun nìkan ló máa léfòó, orí á yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, ẹ fà á le. Èyí tí ìdè rẹ̀ bá ti já, ẹ dá a padà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ilẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì gbá igi ọkọ̀ kó tó já sómi kò ní rántí ìwẹ̀ kankan.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn ọmọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Jákẹ́ẹ̀tì tó wà láyà ìyá ló máa mú kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi kí imú rẹ̀ lè wà lókè. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Abẹ́ omi ló máa wà. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ gbé e sórí itan, kí ẹ sì béèrè jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé, nítorí ti àgbàlagbà máa ń yọ lọ́rùn ọmọ. Bí wọn ò bá ní ti ọmọdé, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Tí ẹ bá ń wọlé, àárín ọkọ̀ ni kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe etí rẹ̀. Ibi tí atukọ̀ bá ní kí ẹ jókòó sí, ẹ jókòó síbẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba ni. Iwájú ló máa ń fò jù lórí ìgbì, nítorí náà ẹ̀yìn ló dára fún aláboyún àti ẹni tí ìbàdí ń dùn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá sì fẹ́ gúnlẹ̀ gan-an ni gbogbo èrò máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ni a ń sáré sí? Èbúté kò ní sá lọ. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ sún mọ́ra fún ẹnì kan sí i nígbà tí ìjókòó ti kún, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ìrìn alẹ́ ńkọ́? Ìjọba ti kà á léèwọ̀, àwọn kan ṣì ń wá ọkọ̀ lọ sí èbúté kọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìtì igi máa ń léfòó nínú ọ̀sà, àwọ̀n àwọn apẹja wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké kò sì ní iná. Bí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá ti lọ, ẹ gba orí afárá lọlé, bó ti wù kí gosíló pọ̀ tó.

Ìgbà òjò tún ní tirẹ̀. Omi odò Ògùn máa ń ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ á dínkù, koríko ojú omi á sì bo ibi púpọ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi mú omi iyọ̀ padà wá pa á. Koríko yìí ló ń lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Atukọ̀ á dúró, á gbé ẹ́ńjìnnì sókè, á máa fa koríko kúrò. Ẹni tó ní ìpàdé láago mẹ́jọ tó wá dé èbúté ní aago méje ààbọ̀ láàárín ìgbà yẹn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Bí òjò bá sì ṣú, ẹ má ti atukọ̀ pé kó gbéra.

Ti owó kò le: káàdì Cowry tí ẹ fi ń wọ BRT ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ LAGFERRY, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba Èkó, àwọn ọlọ́kọ̀ aládàáni sì ń gba owó lọ́wọ́ tàbí nípasẹ̀ báńkì. Àwọn aládàáni máa ń dúró kí ọkọ̀ kún, nítorí náà ọ̀sán lè pẹ́ ju àárọ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ "Island ni mò ń lọ." Island wo? Èbúté Èrò wà lápá Ìdúmọ̀tà, ó sì dára fún ẹni tó ń lọ ọjà. Marina àti CMS wà ní òdìkejì erékùṣù náà, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, parí sí. Èbúté Five Cowries wà ní Falomo, ní Ìkòyí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island tó bá bọ́ sí Èbúté Èrò yóò tún wá ọkọ̀ mìíràn, yóò sì padà sínú gosíló tó ń sá fún. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí kí ẹ tó sanwó.