Ọjọ́ tí kantíkantí mi wó lulẹ̀ ní 30°C

Kantíkantí tí mo ń sọ yìí náà ni àwọn kékeré tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù àti igbá ẹmu, àwọn gan-an la fi ń ṣiṣẹ́ ní láàbù tí mo ti ń ṣe másítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Irú kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ shibire, èdè Japan ni, ó túmọ̀ sí kí ara kú bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́. David Suzuki àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Vancouver ní Kánádà ló rí i, wọ́n kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1973. Tí ara bá tù ú, kò yàtọ̀ sáwọn yòókù rárá, àmọ́ tó bá ti tó nǹkan bí 29°C báyìí, ó parí, á wó lulẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe é kí n sì ká a sí fídíò.

Mo kó mẹ́wàá sínú ìgò kan, mo kó mẹ́wàá tí kò lárùn kankan sínú ìkejì, mo fi òwú dí ẹnu ìgò méjèèjì, mo tan ẹ̀rọ omi gbígbóná sí 30°C, mo rì wọ́n sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé e sí 31, wọ́n kàn ń rìn kiri ni, inú ti ń bí mi, mo ti ń rò ó pé bóyá wọ́n fún mi ní kantíkantí tí kì í ṣe èyí tí mo bèèrè. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ṣakí wà ní láàbù wa, mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ní "Ibo ni wọ́n wà nínú ìgò yẹn?"

Abẹ́ òwú ni gbogbo wọn wà! Kantíkantí máa ń gun òkè ni, òkè yẹn sì yọ síta lójú omi, ibẹ̀ tutù. Mo wá ti òwú yẹn wọ inú ìgò dáadáa títí tí ìdí rẹ̀ fi lọ sísàlẹ̀ ojú omi, kò síbi tí wọ́n lè gùn sí mọ́. Mo tún fi tẹmọ́mítà sínú ìgò òfìfo kan, torí afẹ́fẹ́ inú ìgò ló yẹ kéèyàn wọ̀n, kì í ṣe omi.

Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀kan ń gun ara ìgò lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó tún gùn ún, ó tún yọ̀, ó bá já lulẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́. Mẹ́sàn-án yòókù náà tẹ̀ lé e. Ìgò kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú omi kan náà, àwọn yẹn ń rìn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo gbé wọn sórí tábìlì ní 21°C, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti ń dìde, ọ̀kan tiẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ iwájú nu orí ẹ̀.

Kí ló dé tí ara wọn kú? Nááfù, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ kiri inú ara, máa ń da kẹ́míkà sára iṣan kí iṣan tó gbéra, glutamate ni tiwọn. Inú àpò kéékèèké ló máa ń kó o sí, vesicle, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 40 nanometer. Tí iṣẹ́ bá dé, calcium á wọlé, àpò á lẹ̀ mọ́ awọ ara nááfù, á ṣí, á da ẹrù ẹ̀ síta, awọ àpò yẹn fúnra ẹ̀ á wá di ara awọ nááfù. Nááfù gbọ́dọ̀ fa awọ yẹn padà sínú kó tún fi ṣe àpò míì, purotéènì kan tó ń jẹ́ dynamin ló máa ń yí ọrùn ẹ̀ ká tí á sì já a, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún rọ kẹ́míkà sí i. Dynamin yẹn gan-an ló bàjẹ́ lára shibire, ọdún 1991 ni wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru ló ń mú kó kọ̀ṣẹ́.

Màmá mi máa ń ta mínírà nígbà tí mo wà ní kékeré. Tí ìgò òfìfo ò bá pé nínú kéréètì, àwọn tó ń gbé ọjà wá ò ní já tuntun fún wọn, mínírà sì kún inú mọ́tò o. Bọ́rọ̀ nááfù yìí ṣe rí lójú mi nìyẹn, kì í ṣe pé kẹ́míkà tán, ohun tí wọ́n máa fi gbé e ni kò padà. Lọ́dún 1983, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Kosaka àti Ikeda, fi máíkírósíkóòpù alágbára wo nááfù shibire tí ooru ti mú, àpò inú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn tó yẹ kó já sì wà lára awọ níbẹ̀, ọrùn wọn ò já.

Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni lóṣù kẹta, láìsí AC, ooru yàrá nìkan á ti wó wọn lulẹ̀ lọ́sàn-án, kéèyàn fi wọ́n síbi tó tutù ṣáá ni.

Mo dá àwọn mẹ́wàá yẹn padà sínú omi lọ́jọ́ náà, wọ́n tún wó, mo gbé wọn jáde, wọ́n tún dìde. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo ká sí fídíò.