Bí a ṣe ń jókòó yíká láti parí aáwọ̀

Ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ Yukon ní àríwá Kánádà, bí àwọn Tagish àti Tlingit, ni a ti rí ọ̀pọ̀ nínú ìlànà yìí. Lọ́dún 1992, adájọ́ kan níbẹ̀, Barry Stuart, ní kí wọ́n to àga yíká, ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú láti jọ ronú lórí ìjìyà ọ̀dọ́kùnrin kan. Nígbà tó yá, àwọn ará Minnesota ní Amẹ́ríkà náà gbà á lò.

Ó jọ ìpàdé ẹbí tiwa, àmọ́ kò sí baálé tó máa dá ẹjọ́ níbẹ̀. Ohun tí gbogbo agbo, ìyẹn àwọn tó jókòó yíká, bá fẹnu kò sí nìkan ló máa dúró.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú ìpàdé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ yan èèyàn méjì tí tọ̀tún-tòsì fọkàn tán láti máa ṣọ́ agbo, ìyẹn láti máa bójú tó ìpàdé náà. Kí wọ́n lọ bá oníkálukú nílé, kí wọ́n bi í léèrè mẹ́ta: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kí lo fẹ́ kí ọkàn rẹ tó lè balẹ̀? Bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá ní òun kò ṣe é rárá, ẹ má pe agbo. Agbo kì í wádìí ẹ̀sùn. Bí ìyàwó bá ń bẹ̀rù ọkọ tó ń lù ú, ẹ má ṣe kó àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Kí oníkálukú mú ẹnì kan tàbí méjì tó máa dúró tì í wá.

Èèyàn 8 sí 15 tó. Bí èèyàn 15 bá lo ìṣẹ́jú 3 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 45 ni ìyípo kan. Ìyípo mẹ́rin di wákàtí 3. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó kẹ́yìn á kàn máa ní "mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ." Irú àga kan náà ni kí gbogbo wọn jókòó lé, láìsí tábìlì láàárín. Àga tí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó lé, ẹ gbé e kúrò.

Ẹ wá ohun àmúsọ̀rọ̀ kan: ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́. Ọwọ́ òsì ló ń gbà lọ, ẹni tí kò bá sì fẹ́ sọ nǹkan lè fún ẹni tó kàn. Ìyẹ́ ẹyẹ idì tí àwọn kan ń lò lọ́hùn-ún jẹ́ ohun mímọ́ fún wọn, ẹ má yá a lò. Ọ̀pá bàbá tó ti kú lè dára, àyàfi bó bá jẹ́ ogún ni wọ́n ń jà lé lórí: ọ̀pá náà á tún di ìjà mìíràn.

Láàárín tiwa, àwọn àgbà ló sábà máa ń já lu ọ̀rọ̀: "Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan." Kí ẹ ti bẹ̀ wọ́n nígbà tí ẹ bá lọ kí wọn nílé pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá já lù ú. Kí ohun àmúsọ̀rọ̀ sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀, ta ni ọmọdé tó máa ta kò ó?

Ìyípo àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kan ìjà rárá. Kí kálukú sọ ẹni tóun jẹ́ àti oore kan tí aládùúgbò ṣe fún un. Àwọn tó bá fò ó torí pé àkókò ń lọ, ìbínú ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kejì ni àdéhùn bí a ṣe máa bára wa sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta ni ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe dun kálukú, ẹ̀kẹrin ni ohun tí a máa ṣe.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni, kí ni, ọjọ́ wo. "Wọ́n máa san owó omi" kò tó. Kí oníkálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lè fara mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ ká yí padà. Bí kò bá tíì gbà, ẹ sún ìpàdé náà síwájú, ẹ má dójú tì í. Kí gbogbo yín tún padà jókòó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 láti wo ohun tó di ṣíṣe.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tó bá ń ṣe é lóṣooṣù láìsí ìjà, ìbéèrè kan ṣoṣo àti ìyípo kan ti tó wọn. Kí wọ́n máa pààrọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ agbo, kó má di ìjókòó ẹnì kan.