Ọ̀nà kan ò wọjà: bí mo ṣe fi Linux sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi

₦40,000 ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan gbà lọ́wọ́ mi láti pa fáírọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún fi padà dé.

Fláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá tẹ projẹ́ẹ̀tì ló kó o wá. Fáìlì àwọn oníbàárà pòórá, shortcut nìkan ló ṣẹ́ kù. Windows ni gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, fláàṣì kan náà la sì ń kì bọ gbogbo wọn, nítorí náà ohun tó mú ọ̀kan ló mú gbogbo wọn. Ó dùn mí wọra. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní July 19, 2024, tí àtúnṣe kan ṣoṣo láti CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri ayé. Bàálù ò gbéra, ilé ìwòsàn ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Kò kan Mac, kò kan Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows.

Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo mú Linux Mint, ọ̀kan lára irú Linux tó wà, ọ̀fẹ́ ni. Dáńlóòdù rẹ̀ àti kíkó o sórí fláàṣì ò le, ọmọ ilé-ìwé èyíkéyìí á bá yín ṣe é.

Wi-Fi ló fojú mi rí nǹkan. Install parí lórí láptọ́ọ̀pù kan, ohun gbogbo ń dán, àmọ́ àmì Wi-Fi ò sí. Dráífà, ìyẹn ètò tó ń mú káàdì Wi-Fi láptọ́ọ̀pù náà ṣiṣẹ́, ò bá Mint wá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Kí n ní íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó lè ní íntánẹ́ẹ̀tì! Wáyà ṣájà ló gbà mí: mo fi so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo tan USB tethering kí láptọ́ọ̀pù lè lo dátà fóònù. Mo ṣí Driver Manager, mo yan dráífà náà, ó ní kí n dá password, mo dá a, mo pa á, mo tún un tàn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kí Mint tó jáde, ojú búlúù kan yọ: "Perform MOK management", ìyẹn ibi tí a ti ń fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ dráífà. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló fi ń dúró. Oníbàárà ń bá mi sọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì lọ́wọ́, ó ti kọjá. Dráífà wà níbẹ̀, kò ṣiṣẹ́, kò sì sọ ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń yọ ọ́ tí mo ń dá a padà. Àṣé Secure Boot ni, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, kì í gba dráífà tí kò bá mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo ṣí Terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ èyí kí ojú búlúù náà lè tún yọ:

sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der

Mo dá password míì, mo tún un tàn, mo jókòó tì í. Bí búlúù ṣe yọ, mo tẹ Enroll MOK, Continue, Yes, mo fi password náà sí i. Wi-Fi wọlé! Mo pariwo. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, mi ò pe oníṣẹ́ kankan.

Ní báyìí, orí Mint ni gbogbo fláàṣì oníbàárà ń kọ́kọ́ gbà. Fáìlì tí fáírọ́ọ̀sì fi pamọ́ máa ń hàn kedere níbẹ̀, màá kó wọn jáde, màá pa ìdọ̀tí tó kù rẹ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá náà wà nínú rẹ̀, lábẹ́ Nigeria. Mi ò lé Windows o. CorelDRAW tí mo fi ń ṣe dísáìnì ò ní ti Linux, iṣẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó ò sì lè dúró. Méjèèjì ni mo fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ bí èkejì bá dákú.

Tí mo bá tún fẹ́ ṣe é lónìí, màá kọ́kọ́ dán Wi-Fi wò láti orí fláàṣì kí n tó tẹ Install, torí Mint ń ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀ láì fọwọ́ kan díìsìkì. LibreOffice, ètò ìwé kíkọ inú Mint, ń ṣí fáìlì Word, àmọ́ ìlà lè yẹ̀. Projẹ́ẹ̀tì tó bá ti ní tábìlì àti àwòrán, PDF rẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà.