Tọ́bò Hilux àtijọ́ tó kú: ohun tí ẹ máa wò kí ẹ tó náwó

Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni mò ń tún ṣe ní Àkúrẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdànrè. Hilux àti Hiace àwọn tó ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń wọlé sí wa. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò bá lè gun òkè mọ́, tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń tú èéfín dúdú, ohun tí ẹni tó ni ín máa ń sọ ni pé, "Ọ̀gá, tọ́bò ti kú, ẹ bá mi wá òmíràn." Mi ò kì í yára dáhùn. Tọ́bò kì í ṣàdédé kú, nǹkan ló ń pa á. Bí a ò bá rí ohun tó pa á, èyí tí a bá rà máa tẹ̀lé e lọ, owó onítọ̀hún á sì ṣòfò.

Báyìí ni tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́: èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so abẹ̀bẹ̀ yẹn mọ́ èkejì tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Yíyí rẹ̀ máa ń ju 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Lórí ọ́ìlì ni irin yẹn ń léfòó. Ọ́ìlì tó dọ̀tí, tàbí tí kò dé ibẹ̀ tó, ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tọ́bò tí mo ń tú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kò ná yín lówó. Èéfín dúdú tó wá pẹ̀lú àìlágbára sábà máa ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ ò tó. Ẹ tẹ ọ́ọ̀sì tó ti ara tọ́bò lọ sí íńtákúlà (èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù) tàbí mánífóòdù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì), ẹ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ló máa ń ya sí, àbàwọ́n ọ́ìlì á sì fi ibi tó ti ya hàn yín. Ẹ fa kílíìpù rẹ̀ le. Ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́: eruku ọ̀nà oko nígbà ọyẹ́ máa ń dí i pátápátá. Tó bá ti dọ̀tí, ẹ ra òmíràn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ léraléra ń lu bébà rẹ̀, iyanrìn á sì gba ibẹ̀ wọlé lọ jẹ abẹ̀bẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, tí tọ́bò yín bá jẹ́ irú èyí tó ní ọ̀pá kékeré tí afẹ́fẹ́ máa ń tì, ẹ wo ọ̀pá náà. Ẹ rọra fi pọ́ńpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ́ọ̀sì rẹ̀. Tí kò bá rìn rárá, ó ti gan tàbí agolo tó ń tì í ti ya, odindi tọ́bò sì lè má ní àrùn kankan.

Èéfín búlúù ni ti ọ́ìlì. Ariwo bíi síréènì ọkọ̀ ọlọ́pàá, tó ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, sábà máa ń jẹ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ha ilé rẹ̀.

Ìdánwò tó dájú nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tú ọ́ọ̀sì tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ fi ìka méjì di nọ́ọ̀tì àárín abẹ̀bẹ̀ náà mú. Tó bá ń mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ má bẹ̀rù, àyè ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ wá tì í wọlé, kí ẹ fà á jáde. Bí ọwọ́ yín bá gbọ́ pé ó ń rìn, ó ti jẹ. Bí etí abẹ̀bẹ̀ bá ń kan ilé rẹ̀, tàbí tí ó ti ṣẹ́, ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí irin náà bá le dáadáa tí èéfín búlúù ṣì ń jáde, ẹ yẹ páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀ wò, àti èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Tí èyíkéyìí bá dí nínú wọn, ọ́ìlì ò ní rọ́nà lọ, á sì gba ibi abẹ̀bẹ̀ jáde.

Mo bẹ yín, ẹ má wa ọkọ̀ tí tọ́bò rẹ̀ ń da ọ́ìlì púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lè máa jó ọ́ìlì yẹn bí epo, kó máa sáré fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ò sì ní lè pa á. Tó bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ wà nínú ọkọ̀ oníkíláàṣì, ẹ ti gíà tó ga jù bọ̀ ọ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kíláàṣì. Ẹni tó bá fẹ́ dí ẹnu afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè kú gbọ́dọ̀ fi pákó pẹlẹbẹ dí i, kó má fi ọwọ́ ṣe é láéláé.

Tó bá ti dájú pé inú tọ́bò ti jẹ, káátírììjì ni mo máa ń gbà yín nímọ̀ràn láti rà, ìyẹn àárín rẹ̀ nìkan: irin, abẹ̀bẹ̀ méjèèjì àti ilé ọ́ìlì. Iye rẹ̀ kéré gan-an sí ti odindi. Àwọn oníspéàpáàtì Àkúrẹ́ lè bá yín gbà á wá láti Ládípọ̀ l'Ékòó. Ẹ mú nọ́ńbà ara tọ́bò yín lọ (ti Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 17201), kí ẹ má kàn sọ pé "ti Hilux". Àwọn kan máa ń ra òrùka àti bíárìn nìkan láti fi tún un tò. Mi ò fara mọ́ ọn, torí irin tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kó má bàa tẹ̀ síbì kan. Wọ́n ti wọn káátírììjì tó dáa tẹ́lẹ̀. Tí tòkunbọ̀ odindi bá wù yín, ìdánwò kan náà ni kí ẹ ṣe fún un lójú ẹni tó ń tà á.

Kí ẹ tó tú u, ẹ fi póńṣì sàmì sára ilé abẹ̀bẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n lè padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ẹ fi ọ́ìlì rin bóòtù ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà di ọjọ́ kejì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣẹ́. Ẹ má fi ohunkóhun há abẹ̀bẹ̀. Lára ẹ́ńjìnnì Toyota tí wọ́n ń pè ní 1KD, tí tọ́bò rẹ̀ ní àwọn ewé kéékèèké tó ń ṣí tó ń pa dé, ẹ fọ èédú kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan síkúrúù tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù sí mi rèé. Ẹ pààrọ̀ páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wá, èédú tó gan sínú rẹ̀ kì í fọ̀ tán. Tó bá jẹ́ Hilux 1KD tàbí 2KD, ẹ sọ àwo ọ́ìlì kalẹ̀ kí ẹ wo asẹ́ inú rẹ̀. Wáṣà bàbà abẹ́ nọ́sù wọn (èyí tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì) máa ń jò tó bá pẹ́. Èéfín á gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á di ẹrẹ̀ dúdú, á sì dí asẹ́ yẹn. Ọkọ̀ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè pa tọ́bò tuntun, kó sì pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ àwọn wáṣà náà. Ẹ fọ ọ́ìlì tó ti dà sínú íńtákúlà kúrò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ ra fílítà tuntun àti ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì 15W-40 tí wọ́n kọ CI-4 sí lára, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí ojú páìpù ọ́ìlì, torí ó máa ń já wọlé lọ dí ọ̀nà.

Tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ da ọ́ìlì mímọ́ sí ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú tọ́bò, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀. Ẹ yọ wáyà nọ́sù, tàbí ti ibi tí wọ́n fi ń pa pọ́ńpù lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́, kí ẹ́ńjìnnì má bàa sítáàtì. Ẹ yí sítátà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi, kí ẹ tún yí i, títí iná ọ́ìlì á fi kú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó so wáyà padà. Tó bá ti sítáàtì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá, kí ẹ máa wo gbogbo ojú ìdè.

Láti ọjọ́ náà lọ, tí ẹ bá gun òkè Ìdànrè dé pẹ̀lú ẹrù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì má bàa jóná mọ́ irin. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Tí ọkọ̀ bá ti rin bíi 500 kìlómítà lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ẹ gbé e padà wá. A óò tún fa àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀, a óò yọ fílítà ọ́ìlì, a óò gé e sí méjì, a óò sì wò ó bóyá irin wà nínú rẹ̀.