Bí Mo Ṣe Júwe Àwọn Ìwé Tí Mò Ń Kà Lọ́wọ́ fún Ẹlòmíì

Ìwé mẹ́ta ni mò ń kà pọ̀ báyìí: War and Peace, ìtàn àròsọ tí Leo Tolstoy, ọmọ Rọ́ṣíà, kọ, àkójọ ìtàn kúkúrú kan, àti ìwé kan lórí ìtàn ìṣègùn. Wọ́n ní kí n júwe wọn, kí oníkálukú lè mú èyí tó bá a lára mu. "Ó dùn, ẹ kà á" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Èyí tí mo bá ti kà dé ìdá kan nínú mẹ́rin nìkan ni mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà fún. Orí àkọ́kọ́ ni òǹkọ̀wé sábà máa ń tún ṣe jù. Àárín ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń rọ̀ jọwọrọ. Mi ò tíì kà débẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn yẹn, torí náà ìlà kan péré ni mo fún un: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà mo ṣí ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé, níbi tí ilé ìtẹ̀wé máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ sí. Ibẹ̀ ni mo ti da orúkọ olùtúmọ̀, ilé ìtẹ̀wé, ọdún àti ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, kọ. Láti 2007, díjíìtì 13 ni nọ́ńbà náà ní. Ti ìwé tó ṣáájú ìgbà náà ní díjíìtì 10. Ẹ̀dà ẹlẹ́yìn líle, ẹlẹ́yìn rírọ̀ àti ti orí fóònù ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí i pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an lẹ dà kọ. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ nọ́ńbà bíi 10 9 8 7 6 5 4, èyí tó kéré jù ló ń sọ pé ìgbà kẹrin tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nìyí. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà o.

Orúkọ olùtúmọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló lè mú kí ẹni tí a júwe ìwé fún pa á tì lójú ìwé kìíní. Ẹ wo ti Tolstoy. Àpèjẹ àwọn ọ̀tọ̀kùlú Rọ́ṣíà ní 1805 ló fi bẹ̀rẹ̀, èdè Faransé sì kún ẹnu wọn. Nínú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Richard Pevear àti Larissa Volokhonsky gbé jáde ní 2007, wọ́n fi Faransé náà sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ojú ìwé. Ti Anthony Briggs, tó jáde ní 2005, sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ti Pevear àti Volokhonsky, ẹni tí kò gbọ́ Faransé á máa wòkè wosàlẹ̀ títí ọrùn á fi máa ro ó. Fún ẹni tó ń kà á lẹ́ẹ̀kíní, ti Briggs ni mo fara mọ́, bí mo sì ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ibi tí mo kà dé, apá tàbí orí ni mo fi ń sọ ọ́, torí ojú ìwé ẹ̀dà kan kì í bá ti òmíì dọ́gba. Lórí fóònù ó tún burú sí i: tí ẹ bá sọ lẹ́tà di ńlá, iye ojú ìwé lè yí padà. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún náà máa ń tanni jẹ nínú ìwé tó ní àlàyé àti atọ́ka púpọ̀ lẹ́yìn, nítorí ìwé á ti parí kó tó pé ọgọ́rùn-ún.

Mo tún wọn ìyára. Mo ka ìwé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì wá ìpíndọ́gba iye ojú ìwé tí mo kà. Bó bá jẹ́ ojú ìwé 20, ìwé tó ní 400 á gba wákàtí mẹ́wàá. Olùkà tí ọwọ́ rẹ̀ dí nílò iye yìí ju ìyìn lọ.

Ohun tó kàn ni ọ̀rọ̀ gan-an. Mi ò sọ ohunkóhun tó kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìtàn. Mo sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹni tó máa gbádùn rẹ̀, àti ẹni tí kò ní gbádùn rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń fara balẹ̀ kọ jù. Ti Tolstoy lọ báyìí: "Mo wà ní apá kejì nínú mẹ́rin. Orí rẹ̀ lé ní 350, ṣùgbọ́n wọ́n kúrú, ẹ lè ka ọ̀kan kí ẹ tó sùn. Ẹnì kan lè ní orúkọ púpọ̀: Natasha náà ni Natalya. Ẹ kọ wọ́n sórí pépà kan, kí ẹ fi há inú ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó ń sáré, ẹ má mú èyí."

Ti ìtàn kúkúrú ò le. Mo dárúkọ méjì tó yẹ kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ iye ojú ìwé wọn, torí ìtàn tó ṣáájú kì í fìgbà gbogbo jẹ́ èyí tó ń fa olùkà wọlé.

Mo fi déètì sí ìsàlẹ̀. Bí èrò mi bá yí nígbà tí mo bá kà á tán, ìlà tuntun ni màá fi kún un. Mi ò ní pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, torí ẹlòmíì lè ti fi mú ìwé.